Bí A Ṣe Ń Ṣọdẹ Àtúntẹ̀ Àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá Láti Àjàṣẹ́

Àwo àpàlà ṣì wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ju bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò lọ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn alájì, ó wà nínú páálí tí ìyá kan gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù látìgbà tí bàbá ilé ti kú, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ orin háyà fún ìnáwó kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Rírí rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni kéèyàn mọ ohun tó dì mú. Ṣé ti àkọ́kọ́ ni? Ṣé èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tún tẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ tán lọ́jà ni? Ṣé èyí tí àwọn òyìnbó gbàṣẹ tún tẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni, àbí èyí tí ẹnìkan fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan tẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ nítorí pé òun ni tèmi. Ẹni tó bá jẹ́ pé Gnonnas Pedro, Yusuf Ọlátúnjí tàbí Sunny Adé ni tirẹ̀, ọ̀nà kan náà ni yóò tọ̀. Ẹ ó sì gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àtúntẹ̀ kì í ṣe àwo gidi. Èmi ò bá wọn gbà. Àwo àkọ́kọ́ tí abẹ́rẹ́ jíjẹrà ti ha fún ogójì ọdún, tí ohùn Hárúnà ń sá sẹ́yìn ariwo nínú rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni, etí ò rí nǹkan kan gbọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi àwo èyíkéyìí: níbo ni wọ́n ti rí ohùn tó wà nínú ẹ?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ná fáránkì kan

Ẹ ra ìwé kan, ẹ kọ ìtàn iṣẹ́ olórin yín sínú rẹ̀ ní ọdún sí ọdún. Ti Hárúnà lọ báyìí: ní 1948 ló kọ́kọ́ gba orin sáwo fún ilé iṣẹ́ àwo HMV, orin lórí Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì tà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tí Ọba Adébóyè wàjà, ó tún un kọ, ó fi orúkọ ọba náà sí i, ìgbà yẹn ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ó bá Decca, ilé iṣẹ́ àwo mìíràn, ṣiṣẹ́. Ní 1969, òun àti I.K. Dáíró dá Star Records sílẹ̀, àwọn olórin fúnra wọn wá di oní-ilé-iṣẹ́. "Oroki Social Club" jáde ní 1971. Ní 1979 ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì jáde láyé ní 1983.

Ìtàn yìí kì í ṣe fún àríyá lásán o. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé àwo ńlá kan wá, tí Star Records wà láàárín rẹ̀, tó ń búra pé 1958 ni bàbá òun rà á, ẹ ti mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àwo 1948 ni, tó sì jẹ́ pé rọ́bà tó ń tẹ̀ ni àwọn dì mú, irọ́ tún nìyẹn: àwo ìgbà yẹn jẹ́ èyí tó le gbagidi, tó fẹ̀ ní íǹṣì 10, tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń fọ́ bí abọ́ tanganran bá já bọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún, nọ́ńbà ló kàn. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé yín, kó wà ṣáájú orúkọ àwo pàápàá, torí pé lára páálí àpàlà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ kò ní rí ju "Haruna Ishola and His Apala Group" lọ, àwo mẹ́wàá á sì máa jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀: WAPS ni Decca ti apá ọ̀dọ̀ wa, DWAPS ló tẹ̀ lé e nígbà tí Decca di Afrodisia, NEMI ni EMI ti Nàìjíríà, SRPS ni Star, SALPS ni ti Sunny Adé fúnra rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ALS ni Albarika Store, ilé iṣẹ́ tó gbé ọ̀pọ̀ orin Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin Kútọnu, jáde. Ẹ há lẹ́tà wọ̀nyí sórí. Nínú àkójọ àwo, láàárín ìyá ọlọ́jà tó ń kánjú àti oòrùn ọ̀sán, kò sí àyè láti máa wo fóònù.

Discogs, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ àwo jọ sí, wúlò fún èyí gidigidi. Ẹ tẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ olórin, nítorí pé àwọn tó ń kọ orúkọ Yorùbá síbẹ̀ ń kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. "Haruna Ishola", "Aruna Isola", "Alhaji Haruna", gbogbo rẹ̀ lẹ ó bá. Ẹ má sì rò pé ohun tí ẹ kò bá níbẹ̀ kò sí láyé. Àwo àpàlà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ síbẹ̀ kò kéré.

Títún yìí kì í ṣe irú kan

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n "tún" àwo ṣe ń ko ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìjọ̀gbọ̀n, nítorí pé nǹkan tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ilé iṣẹ́ kan náà tún àwo rẹ̀ tẹ̀ nígbà tó bá ń tà. Nọ́ńbà ò yí padà. Àwọ̀ bébà àárín lè yí, páálí lè fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ lè di òmíràn. Irú èyí kì í wọ́n, ohùn rẹ̀ sì máa ń dára, torí pé téèpù tí wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá rí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ má béèrè ìbéèrè kejì.

Òmíràn ni pé kí olórin tún orin kọ. Èyí kì í ṣe àtúntẹ̀ rárá, orin tuntun tó jẹ́ orúkọ àtijọ́ ni. Hárúnà ṣe é pẹ̀lú orin Orímolúsì. Sunny Adé ṣe é nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé "Juju Music" jáde ní 1982, tí Martin Meissonnier sì darí iṣẹ́ náà: àwọn orin tí àwa ti mọ̀ láti Nàìjíríà ni wọ́n tún kọ, tí wọ́n gé kúrú fún etí àwọn ará òkèèrè. Àwo náà dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó rà á pé kí òun gbọ́ ohùn tí òun fi dàgbà, onítọ̀hún á pòṣé.

Irú kẹta ni àṣàyàn, kí wọ́n ṣa orin láti inú àwo púpọ̀ sínú ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe dáadáa. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Soul Jazz ti Lọ́ńdọ́nù gbé àkójọ àpàlà ọdún 1967 sí 1970 jáde, Hárúnà sì wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń jẹ́ Analog Africa ṣe Poly-Rythmo lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra: "The Vodoun Effect" ní 2008, "Echos Hypnotiques" ní 2009. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni orin ibẹ̀ ti wá, ti kejì sọ pé inú àká Albarika Store ni. Bó ṣe yẹ kí àtúntẹ̀ máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn Gnonnas Pedro, kí ó wá "Legends of Benin" tí ilé iṣẹ́ yìí kan náà gbé jáde ní 2009.

Ìkìlọ̀ kan lórí àṣàyàn: ẹ ka ìṣẹ́jú orin. Àpàlà kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú àwo ńlá, orin kan lè gba ojú kan tán, Hárúnà á ti ki ẹni yìí, á ki tọ̀hún, á fún ìyàwó olówó ní tirẹ̀. Bí àtúntẹ̀ bá sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni orin tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ti gé oríkì ẹnìkan dànù.

Ìkẹrin ni ti olè. Wọ́n gbé orin láti inú síídì tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sáwo, wọ́n ya fọ́tò páálí àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Àmì rẹ̀ ni pé kò ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ: kò sí orúkọ ẹni tó fún wọn láṣẹ, kò sí àdírẹ́sì, kò sí orúkọ ẹni tó tún ohùn ṣe. Èmi kì í rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á. Àwọn ọmọ olórin ṣì wà láyé.

Bí a ṣe ń ka ara àwo

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ àwo kúrò nínú páálí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ibi tí orin wà. Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kì í ṣe inú oòrùn o, oòrùn ọ̀sán Àjàṣẹ́ lè ká àwo kò nígbà tí ẹ ṣì ń dúnàádúrà. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fi ojú rẹ̀ rá kọjá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí tó bá jìn, ẹ fi èékánná tọ́ ọ wò jẹ́jẹ́: bí èékánná bá kọ́ nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á kọ́.

Ẹ wo ihò àárín. Bí wọ́n ti lo àwo náà púpọ̀, ẹ ó rí ìlà wẹẹrẹ yí ihò náà ká lórí bébà, níbi tí irin ẹ̀rọ ti ń wá ihò kó tó rí i. Ẹni tó ń tà lè fi omi fọ ojú àwo kó máa dán gbinrin, kò sí bó ṣe máa pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́. Nígbà tí ojú àwo bá ń dán tí ihò sì kún fún ìlà, ihò ni kí ẹ gbà gbọ́.

Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín, àyè dúdú kan wà tó ṣófo. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà níbẹ̀, yálà wọ́n fi ọwọ́ ha á tàbí wọ́n fi ẹ̀rọ lù ú. Ìwé ìbí àwo nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, àti àmì tí kò jọ lẹ́tà pàápàá, ojú kìíní àti ojú kejì. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá bá ti bébà àárín mu, ó dára. Bí ó bá yàtọ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé-àwo mìíràn ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tó bá rí MPO níbẹ̀, orúkọ ilé ìtẹ̀wé-àwo kan ni, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn ti wà láti 1957, nítorí náà MPO nìkan kò sọ bóyá àwo ti pẹ́ tàbí tuntun ni. Ẹ fi àmì mìíràn tì í lẹ́yìn.

Lára páálí ni àmì mìíràn wà. Àwọn ìlà dúdú-funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà ní ṣọ́ọ̀bù kò sí lára àwo kí àwọn ọdún 1970 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí náà àwo "1971" tó ní in, àtúntẹ̀ ni. Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò nílò kí n sọ ìyẹn. Ẹ wá lẹ́tà P kékeré nínú òbìrípo: ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí ohùn náà ní olówó, lẹ́tà C nínú òbìrípo sì jẹ́ ti páálí àti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àtúntẹ̀ olóòótọ́ máa ń fi ọdún àtijọ́ sí ọ̀kan, ó sì ń fi ọdún tuntun sí èkejì, ó sì ń dárúkọ ẹni tó fún wọn láṣẹ. Nípa fọ́tò, ẹ sún mọ́ ojú Hárúnà lórí páálí náà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ya fọ́tò náà láti ara páálí àtijọ́ ni, àwọn àmì tóótòòtó ti ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ á forí gbárí pẹ̀lú ti ìtẹ̀wé kejì, ojú rẹ̀ á máa ṣe wúruwùru bí aṣọ tí wọ́n ta kókó òwú rẹ̀. Èyí kò fi hàn pé olè ni, ó kàn fi hàn pé fọ́tò àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan máa ń gbé àwo wò lọ́wọ́ bóyá ó wúwo. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ ìsinsìnyí ń wọn gíráàmù 180, wọ́n sì ń fi yangàn lára páálí. Ìwúwo kò fi nǹkan kan kún ohùn tó ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀.

Etí ló ń dájọ́

Ọ̀pọ̀ téèpù àkọ́gbà ti ilẹ̀ wa ti bàjẹ́ nínú ooru tàbí ó ti sọnù bí ilé iṣẹ́ ṣe ń kógbá wọlé. Nítorí náà ni àwọn tó ń tún àwo tẹ̀ ṣe máa ń wá ẹ̀dà àwo tó mọ́ jù, tí wọ́n á gba ohùn látinú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ ọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n ṣe é kí wọ́n wá dákẹ́.

Ẹ lè fi etí mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń fi díẹ̀ sórí Bandcamp, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta orin. Ẹ lo agbọ́hùn-etí, kì í ṣe ẹnu fóònù. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú orin àti èyí tó gbẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹ bá gbọ́ tó ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ìlù tó wọlé, inú àwo ni wọ́n ti gbà á. Bí kò bá sì sí ariwo kankan rárá, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ariwo kúrò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èérí àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí pé ohùn méjèèjì wà lókè níbì kan náà. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á di ohun tó ń ṣe ṣììì lọ́nà jínjìn, ìlù á máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti wọmi. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ agídìgbo. Òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àpàlà, kò sí jìtá tó ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ lé agídìgbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó tún un ṣe kò mọ irú orin tó wà níwájú òun.

Láàárín àtúntẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kù díẹ̀ àti èyí tí wọ́n fọ̀ tó bó, alariwo ni kí ẹ rà.

Wíwá kiri nílé

Ọjà Wándó wà, ọjà Àjàrá ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, Tọ̀kpá sì wà ní Kútọnu. Ẹ rìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwo tó bá dé ọjà ti máa ń sùn sílẹ̀ lábẹ́ nǹkan mìíràn, ó sì ti ká kò. Ilé ni àwo tó dára wà.

Ilé àgbà ní ìlànà. Ẹ má wọlé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye. Ẹ wá ẹni tó mọ ilé náà kó mú yín lọ, lẹ́yìn ìrun àsárì ló dára, kì í ṣe òwúrọ̀ Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń lọ báyìí:

— Ẹ kú ilé o, Alájì.

— Ẹ káàbọ̀. Ọmọ ta nìyí?

— Ọmọ ilé Bàbá Súlè ni, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé Hárúnà sí i nígbà yẹn.

— Hárúnà! Ta ló rán ọ sí mi? Wá jókòó.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ra àwo, ẹni tó bá a rà á láti Èkó, ìnáwó tó fi gbé e jáde, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n fi bírò kọ sẹ́yìn páálí, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní àbùkù, èmi kà á sí ọlá.

Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ àwo mọ́. Orin ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe rọ́bà. Nítorí náà ẹ mú nǹkan lọ́wọ́ lọ: ẹ ní kí wọ́n yá yín ní àwo, kí ẹ gba orin rẹ̀ sínú fóònù ọmọ wọn, kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lókè òkun fún bàbá, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí ẹ tó dá owó. Mo mọ àwọn tó ń fi àtúntẹ̀ tuntun pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ arúgbó, tí wọ́n ń sọ pé "tuntun ló sàn fún yín, bàbá". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ òótọ́ tán tí bàbá sì ní òun gbà, ìyẹn ti di òwò láàárín yín.

Rírà láti òkèèrè

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Yúrò kan jẹ́ fáránkì séfà 655.957, kì í yí, nítorí náà àwo yúrò 25 jẹ́ nǹkan bí 16,400 fáránkì. Owó tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ ló ń pa èèyàn. Ó lè tó owó àwo fúnra rẹ̀, ó sì máa ń kọjá rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ kó ara yín jọ, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ra lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú páálí kan. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Paris, àwo fẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 31 pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó wọ báàgì ọwọ́. Kí wọ́n má fi sínú àpótí tí wọ́n ń jù sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà pé kó yọ àwo kúrò nínú páálí rẹ̀, kó fi sẹ́yìn páálí náà nínú àpò rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, kó wá fi káàdì líle sí iwájú àti ẹ̀yìn. Bí àwo bá wà nínú páálí nígbà tí wọ́n ń ju ẹrù, etí rẹ̀ ló ń la páálí ní òkè. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń sọ bí àwo ṣe rí náà, ẹ mọ̀ wọ́n: Mint ni kò sí ohun tó ṣe é, Near Mint tẹ̀ lé e, VG+ (Very Good Plus) dára fún etí, VG (Very Good) ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ àmọ́ ó ṣeé gbọ́. Èyí tí wọ́n pè ní "Good", ẹ sá fún un, kò dára rárá. Fún àtúntẹ̀, èmi kì í sọ̀ kalẹ̀ ju Near Mint lọ. Fún àwo Hárúnà ti 1960 sókè, mo lè gba VG tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ lo nọ́ńbà àpótí lẹ́tà yín ní pọ́ọ̀sì, torí pé júwe-ilé ọ̀dọ̀ wa kò yé wọn. Nọ́ńbà fóònù yín gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-díjíìtì 10 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, bó ṣe wà láti oṣù kọkànlá 2024. Oní-díjíìtì 8 àtijọ́ ṣì wà nínú àkáùǹtì ọ̀pọ̀ ènìyàn, páálí wọn á dé, kò ní sí ẹni tó máa rí wọn pè. Ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san jáde, kí àwọn dúwáànì má fi ojú lásán bù lé e.

Ní ti Nàìjíríà, ọ̀nà Ìgóló sí Ìdìròkò tàbí ti Sẹ̀mẹ̀ lẹ ó gbà. Ní Èkó, Jazzhole tó wà ní Awolowo Road ní Ìkòyí mọ̀ nípa orin àtijọ́, kì í sì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Ẹ gbé àwo sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀tù ọkọ̀ lọ́sàn-án ń gbóná tó láti rọ àwo.

Abẹ́rẹ́, omi àti ikán

Ẹ̀rọ kékeré oníbáàgì tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ àwo jù. Ẹ wá èyí tí ẹ lè yí ìwúwo apá rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí ẹni tó ṣe orí abẹ́rẹ́ sọ. Fún ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan bíi gíráàmù méjì ni. Àwo 78 nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tó nípọn ju ti àwo ńlá lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́ta. Ti àwo ńlá á kàn máa rá ní ìsàlẹ̀ ìlà rẹ̀ ni, ariwo nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹ fa okùn ẹ̀rọ kúrò nínú iná nígbà tí iná bá lọ, bó ṣe ń padà dé ló ń ba nǹkan jẹ́.

Fífọ̀: omi dísítílì mẹ́rin, ọtí ilé ìtajà òògùn tí kò ní àwọ̀ ẹyọ kan, ọṣẹ ìfọ̀bọ́ ẹ̀kán kan. Nígbà tí ẹ bá ń ra omi lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ẹ ka ara ìgò, nítorí pé ásíìdì bátìrì náà ń jẹ́ "omi bátìrì" lẹ́nu wọn. Ọtí kò gbọ́dọ̀ kan àwo 78 láé, ó ń yọ́ ọ. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ni tirẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá.

Ọ̀rinrin ọ̀sà ń jẹ́ kí páálí bu, ọyẹ́ sì ń da eruku sí i, àmọ́ ikán ni ọ̀tá gan-an. Kì í jẹ àwo, páálí ló ń jẹ, ọjọ́ tí ẹ bá fà á yọ, ẹ̀yìn páálí nìkan lẹ ó bá lọ́wọ́. Ẹ lo pẹpẹ onírin, kí ó jìnnà sí ògiri ní bíi ìbú ọwọ́ kan, kí àwo dúró gbọn-in gbọn-in lóòró, ẹ má tò wọ́n léra. Àpò ọ̀rá fún páálí dára, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹnu rẹ̀, ooru á mú un laágùn.

Nígbà tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú Audacity, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi pamọ́ ní WAV, ẹ fi nọ́ńbà àwo sọ fáìlì náà lórúkọ, kì í ṣe "Hárúnà tuntun 2". Bí ẹ bá ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọmọ Alájì lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, torí pé bí ẹ bá gbé e sẹ́nu fóònù kí ẹ tún gba ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀, agídìgbo ni yóò kọ́kọ́ lọ.